Ibà Tiwa, Kògbóògùn Tiwọn

Bí ara òṣìṣẹ́ kan kò bá yá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ tó máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibà ló dá mi dùbúlẹ̀.” Ọ̀gá náà kò ní béèrè ìwé dókítà. Yóò ní kó pẹ̀lẹ́, kó lo oògùn, kó máa bọ̀ lọ́la. Bí ará ilé bá gbọ́, wọ́n á ní oòrùn ló pa á jù, tàbí pé ara rẹ̀ ń béèrè ìsinmi. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀yìn wò kó tó sọ pé ibà ń ṣe òun. Ibà ti di ará ilé: ó ń lọ, ó ń bọ̀, a kì í sì í lé e.

Àìsàn kejì wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ẹni tó ní in á gba iwájú ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ̀ kọjá, á wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn lọ gba oògùn. Kó tó wọkọ̀ padà, á ya bébà tí wọ́n lẹ̀ mára ike oògùn náà dànù, á da àwọn hóró inú rẹ̀ sínú ike oògùn ẹ̀fọ́rí. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ibi tó ti ń lò ó nílé, tí wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe é, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀: “Ibà ni.”

Lójú tèmi, gbogbo wàhálà tó wà nídìí ìdènà àrùn méjèèjì nílẹ̀ Áfíríkà ló fara pamọ́ sínú èsì yẹn. Ibà ni tiwa. A mọ̀ ọ́n débi pé ẹ̀rù rẹ̀ kò bà wá mọ́. Kògbóògùn ni tiwọn, ti àwọn oníṣekúṣe, ti àwọn ará òkèèrè, ti ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe àwa. A bẹ̀rù rẹ̀ débi pé a kì í pe orúkọ rẹ̀. Ohun tí kò bà wá lẹ́rù, a kì í dènà rẹ̀. Èyí tí a kò lè dárúkọ, báwo la ṣe fẹ́ dènà òun náà?

Ará ilé tó ń pani

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ará ilé wa. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2023 ni pé ìgbà mílíọ̀nù 263 ni ibà kọlu ènìyàn káàkiri ayé, ó sì pa bí 597,000. Nínú ogún ènìyàn tó kú, bí mọ́kàndínlógún ló jẹ́ ará Áfíríkà. Nàìjíríà nìkan ló ni bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn òkú náà. Nílẹ̀ Áfíríkà, mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ibà ń pa ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Ka ìṣirò yìí fún ìyá àgbà kan lọ́jà Bódìjà, yóò ní irọ́ ni. Ibà tí òun ti ń fi àgbo lé láti kékeré? Ìyá kò purọ́, ìwọ náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ jọ ń lò fún nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibà lẹ́nu Yorùbá fẹ̀ ju màléríà ilé ìwòsàn lọ. Ara gbígbóná ni ibà, ara ríro ni ibà, kí ẹnu máa korò ni ibà. Ibà lásán wà, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà, akọ ibà náà wà. Ẹni tó kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, tó sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ fúnra wọn, báwo ló ṣe fẹ́ gbà pé ọ̀kan nínú wọn ń pa ọmọ bí ogun?

Bẹ́ẹ̀ náà ni okùnfà rẹ̀. Ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi dé Èkó. Gómìnà William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, ní kí wọ́n fa omi ẹrẹ̀ gbẹ, ó sì ní kí wọ́n máa pín kuinín. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ wà lára odò àtọwọ́dá tí wọ́n gbẹ́ sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Lọ́dún 1901, àwọn obìnrin Èkó tó kàwé dá ẹgbẹ́ Ladies’ League sílẹ̀. Ilé dé ilé ni wọ́n ń wọ̀, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ìmọ́tótó, tí wọ́n sì ń fún ọmọ wọn ní kuinín. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún. Wọ inú dánfó lónìí, kí o bi àwọn èrò pé kí ló ń fa ibà. Wọ́n á dárúkọ ẹ̀fọn, nítorí wọ́n gbọ́ ọ nílé ìwé àti lórí rédíò. Wọ́n á sì fi oòrùn, iṣẹ́ àṣejù àti òróró jíjẹ tì í. Ìmọ̀ tuntun kò lé ti àtijọ́ jáde. Ó kàn wá jókòó tì í ni.

Ìdí wà fún un. Ẹ̀fọn tó jẹ ọ́ lálẹ́ àná kọ́ ló fa ibà àárọ̀ yìí. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí kòkòrò tó wọlé síni lára tó fara hàn. Oòrùn tó pa ọ́, àná ni. Bí a bá ń wá ẹlẹ́rìí, oòrùn ló súnmọ́ tòsí. Ẹ̀fọn tó ń jẹ gbogbo wa lálaalẹ́, tí ibà kì í sì í mú gbogbo wa lálaalẹ́, á ní òun kò sí níbẹ̀.

Wá wo àwọ̀n ẹ̀fọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gáńbíà, Kẹ́ńyà, Gánà àti Bùrùkínà Fasò láàárín àwọn ọdún 1990 fi hàn pé àwọ̀n tí wọ́n rẹ sínú oògùn apẹ̀fọn ń dín ikú ọmọdé kù ní bí ìdá 17 nínú 100. Kò sí ohun èlò tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó gba ẹ̀mí tó bẹ́ẹ̀ là. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí nípa ètò ìlera àwọn ará ilé ní Nàìjíríà lọ́dún 2018, ilé 61 nínú 100 ló ní àwọ̀n olóògùn, àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 52 péré ló sùn sábẹ́ rẹ̀ lóru tó ṣáájú ìbéèrè náà.

Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyókù, jẹ́ ká wọ yàrá kan nínú ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ n’Íbàdàn. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan, ẹní kan. Àwọ̀n ń fẹ́ ìṣó mẹ́rin, ibi méjì péré ló sì ráyè lára ògiri: fèrèsé gba ọ̀kan nínú méjì tó kù, kọ́bọ́ọ̀dù gba èkejì. NEPA ti mú iná, fáànù ti dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àwọ̀n nínú ọ̀rá, wọ́n sì ta á lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sá a síbòòji fún odindi ọjọ́ kan kí oògùn ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Kó tó di ọ̀gànjọ́, ara ń ta ọmọ, ojú ń ta ìyá, ooru sì fẹ́ pa gbogbo wọn. Wọ́n tú u. Lọ́jọ́ kejì, àwọ̀n náà ti wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣọ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ adìyẹ. Létí adágún Tanganyika àti Victoria, àwọn apẹja ń fi irú rẹ̀ kó ẹja kéékèèké.

Ìyá yẹn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó gbé ooru tó ń pa á lóru òní sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ibà tó lè dé tàbí kó má dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì dá èyí tó rí lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ooru náà mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù ni gìrì. Bí ibà bá gun ọmọdé lórí, ara ọmọ á le gbagidi, ojú rẹ̀ á yí sókè, eyín rẹ̀ á pa pọ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n mọ̀ pé ibà lè ti wọ ọpọlọ, àkókò kò sì sí mọ́. Nílé, ibà ti tán nínú ọ̀rọ̀ náà: gìrì ni, àìsàn ọ̀tọ̀, oògùn ọ̀tọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ọmọdé n’Íbàdàn ti ń kígbe lórí àgbo ìtọ̀ màlúù, tí ewé tábà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń rọ sí ọmọ onígìrì lẹ́nu. Àgbo náà a máa já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ọmọ tí ibà kò tíì pa á sì kú mọ́ àgbo lọ́wọ́. Ní Tanzania, degedege ni wọ́n ń pe gìrì, ọ̀pọ̀ ìyá sì gbà pé ẹ̀mí àìrí tó wá bí ẹyẹ ló ń fà á. Ẹ̀yìn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ilé ìwòsàn ń tẹ̀lé níbẹ̀ náà.

Ní Tanzania yìí kan náà, ẹ̀kọ́ kan wà fún wa. Lọ́dún 1997, àwọn tó fẹ́ tan àwọ̀n kálẹ̀ ní àfonífojì Kilombero kọ́kọ́ lọ fi etí sí ohun tí àwọn ará abúlé ń sọ. Orúkọ tí wọ́n wá tẹ̀ sára ọjà wọn ni Zuia Mbu, èyí tí í ṣe “dènà ẹ̀fọn” ní èdè Swahili. Wọn ò fi orúkọ àìsàn sí i rárá. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé ẹ̀fọn ń fa ibà kò lè ṣiyèméjì pé ẹ̀fọn ń kọrin létí òun lóru. Wọ́n gba ibi tí ènìyàn ti gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, àǹfààní pé àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ àwọ̀n olóògùn á yè fi ìdá 27 nínú 100 ju ti àwọn tí kò sùn sábẹ́ rẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà náà ti dé báyìí. Wọ́n fi ti àkọ́kọ́ dánwò ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì láti 2019; èkejì, tí wọ́n ń pè ní R21, ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní Kebbi àti Bayelsa níparí 2024. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ ń gbà á, ọmọ á sì ti máa sáré kiri ilé kó tó gba ìkẹrin. Ìyá tó gbà pé ibà kì í pani, kí ló máa gbé e dìde láàárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìkẹrin yẹn?

Orúkọ tí a kì í pè

Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná ń jà nílẹ̀ Yorùbá, a kì í la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀gbóná la ń pè é, Olóde la ń pè é, Baba la ń pè é. Lọ́dún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti tán láyé, àmọ́ àṣà kí á máa fi àdàpè bo ohun tó bà wá lẹ́rù kò bá a lọ.

Nígbà tí àrùn tuntun dé, orúkọ méjì la fún un: éèdì àti kògbóògùn. Ẹ gbọ́ bí àkọ́kọ́ ṣe dún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí èèdì, ohun tí ọ̀tá ń fi di ènìyàn, ilé babaláwo la sì ń gbé ẹni tí wọ́n bá dì lọ. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀. Ní 1986 tí ìròyìn àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ní Nàìjíríà, òótọ́ ni pé kò gbóògùn. Láti bí 1996 ni àpapọ̀ oògùn tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba ti wà. Lónìí, ẹni tó ní kòkòrò HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Àìsàn tó ń gbọ́ oògùn la ṣì ń pè ní kògbóògùn. Wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ. Èyí ń ro àwọn tó yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò. Bí kò bá gbóògùn, kí ni mo fẹ́ lọ mọ̀ ọ́n fún?

Ọjọ́ kan wà tí ẹnì kan la orúkọ náà mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Fela Aníkúlápó Kútì kú l’Ékòó. Fela yìí ti fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ kọ́ńdọ̀mù nígbà ayé rẹ̀. Condom Scallywag and Scatter ló pe orin náà. Àwọn ẹbí ì bá ti kọ “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́” síwèé ìkéde, bí gbogbo ilé ti ń ṣe, kò sì sẹ́ni tí ì bá yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó ní éèdì ló pa àbúrò òun. Mínísítà ètò ìlera ni Olikoye láti 1985 sí 1992. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣíbí tíì wọn iyọ̀ àti ṣúgà sómi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ará ilé jáde lè ṣe. Àwọn kan kò gbà á gbọ́ títí di òní. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àìsàn òyìnbó ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tó máa fi Fela sí.

Uganda ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa. Lọ́dún 1989, Philly Lutaaya, gbajúmọ̀ olórin, jáde sọ pé òun ní àrùn náà, ó sì ń lọ láti ilé ìwé dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ara tó ń rù, títí ó fi kú nínú oṣù Kejìlá ọdún náà. Ìjọba Ààrẹ Museveni náà kò lo èdè ìwé. Ọ̀rọ̀ darandaran ni wọ́n mú: màlúù tí a so mọ́ èèkàn, ibi tí okùn rẹ̀ mọ ló ti ń jẹko; kí tọkọtaya má ṣe jẹko lóde. Gbogbo àgbẹ̀ tó gbọ́ ọ ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ rírùn kankan nínú rẹ̀ tí bàbá kò lè sọ níwájú ọmọ. Láàárín bí ọdún mẹ́wàá, ìwọ̀n àgbàlagbà tó ní kòkòrò náà já wálẹ̀ láti bí 15 nínú 100 sí nǹkan bí 6.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn ló mọ ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ti ọmú. Láìsí ìtọ́jú, ìyá tó ní HIV lè kó o ran ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà nínú oyún, nígbà ìrọbí àti nínú omi ọmú: 15 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló ń kó o. Nígbà kan, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ìyá tó bá lágbára ni kó fi wàrà inú agolo rọ́pò ọmú. Lórí bébà, ìmọ̀ràn náà dára. Nínú ilé, ìyá ọkọ ti dé láti wẹ ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, “Ìyàwó mi, kí ló dé tí ọmọ kò tíì fẹnu kan ọmú?” Àbúrò ọkọ gbọ́. Àwọn aládùúgbò tó wá kí wọn kú ewu ọmọ rí ìgò lórí tábìlì. Ìgò tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ ti tú ìyá láṣìírí. Ọ̀pọ̀ ló ń fún ọmọ ní ìgò lójú ènìyàn, tí wọ́n ń fún un lọ́mú lóru, èyí sì léwu ju kí wọ́n fún un ní ọmú nìkan lọ. Lọ́dún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ọ̀rọ̀ náà sọ: kí ìyá tàbí ọmọ máa lo oògùn, kí ìyá sì máa fún ọmọ lọ́mú. Pẹ̀lú oògùn náà, ewu ọmọ lè wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ìgò lórí tábìlì mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti dídá adọ̀dọ́ ọmọkùnrin. Nílẹ̀ Yorùbá, olóòlà tàbí nọ́ọ̀sì ti ṣe é tán kí ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì. Láàárín àwọn Luo ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, wọn kì í dá a. Eyín iwájú mẹ́fà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń yọ láyé àtijọ́ kí ọmọ tó di àgbà. Nígbà tí ìwádìí mẹ́ta, ní Gúúsù Áfíríkà, Kẹ́ńyà àti Uganda, fi hàn láàárín 2005 sí 2007 pé ó ń dín ewu kí ọkùnrin kó HIV lára obìnrin kù ní bí ìdá 60 nínú 100, abẹ nìkan kò lè dá wọ Kisumu, ìlú àwọn Luo. Àwọn àgbà Luo fárígá, wọ́n ní wọ́n fẹ́ sọ àwọn di ẹ̀yà mìíràn. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀. Raila Odinga, ọmọ Luo tó jẹ́ olórí àwọn mínísítà nígbà náà, gbè é lẹ́yìn ní gbangba lọ́dún 2008. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àṣà, wọ́n gbé e sábẹ́ ìtọ́jú ara, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò sórí ìlà.

Nílé wa níbí, ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ ló ń béèrè ìwé àyẹ̀wò HIV lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Àyẹ̀wò náà wúlò. Àmọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá dára kì í sábà rí ẹni bá a jókòó. Àríyá ló ń fọ́, ìròyìn sì ti dé ojúlé kejì kó tó délé. Nàìjíríà ṣòfin lọ́dún 2014 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ́yẹ sí ẹni tó ní HIV, pàápàá níbi iṣẹ́. Òfin lè gba iṣẹ́ padà fún ènìyàn. Kò lè dí ẹnu ojúlé kejì.

Oògùn kan wà tí ẹni tí kò ní kòkòrò náà lè máa lò lójoojúmọ́ kó má baà kó o. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ike rẹ̀ jọ ti aláìsàn, ó sì ń mì ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú báàgì. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, àwọn kan á ní ó ti kó àrùn, àwọn kan á ní ó fẹ́ máa ṣe ìṣekúṣe. Lọ́dún 2024, èsì ìwádìí abẹ́rẹ́ lenacapavir, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, jáde láti Gúúsù Áfíríkà àti Uganda: nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin 2,134 tó gba abẹ́rẹ́ náà, kò sí ẹyọ kan tó kó HIV. Àwọn onímọ̀ ń yìn ín nítorí agbára rẹ̀. Èmi ń yìn ín nítorí pé kì í dún nínú báàgì.

Àwọ̀n lórí, ìwé létí ìró

Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí láàárọ̀ ọjọ́ àwọn aboyún. Wọ́n á ti tò sórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì á máa lé orin, wọ́n á máa fi àtẹ́wọ́ gbè é. Bó bá kan obìnrin kan, nọ́ọ̀sì á fún un ní hóró mẹ́ta oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà ba oyún jẹ́, pẹ̀lú ife omi. Lójú gbogbo èrò ló máa gbé e mì. Àwọn tó kù á máa fi í rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fajú ro. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pè é sẹ́yìn kọ́tìnì. Wọ́n á gún un níka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn nọ́ọ̀sì á sì wálẹ̀. Láàárọ̀ kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà, ìdènà méjì ló gbà: ọ̀kan pẹ̀lú orin, ọ̀kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àṣírí ẹ̀yìn kọ́tìnì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà. Ìtìjú tó bá a wọbẹ̀ ni a kò pè.

Nígbà tó bá ń lọ sílé, á ru àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun sórí, á so ìwé àyẹ̀wò mọ́ etí ìró. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ á kí i kú oríire àwọ̀n. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé. Bó bá dé ilé, àwọ̀n lè wà nínú ọ̀rá fún oṣù mẹ́ta, nítorí ibà ni, ta ló ń kánjú? Ìwé náà, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá dára, lè má kúrò létí ìró títí ọmọ á fi dé. Bí a bá rí díẹ̀ nínú ẹ̀rù ìwé yẹn bù sára àwọ̀n, tí a sì rí díẹ̀ nínú orin orí bẹ́ǹṣì fi ránṣẹ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, àwọ̀n á jáde nínú ọ̀rá, ìwé á sì kúrò létí ìró.